Ó Ń Ka Èjìká

Èmi ni mo fi àlùmọ́gàjí gé fíìmù Ludomir Wasiak
fún ọdún mọ́kànlélógún, ní ìlú Łódź,
nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri.
Ẹ má bi mí bóyá èèyàn rere ni.
Ó jẹ mí lówó. Ọdọọdún ló ń gbàgbé ọjọ́ ìbí mi.
Ẹ bi mí nípa ẹ̀rín, n ó sọ.

Ìyá rẹ̀ ń hun aṣọ lẹ́bàá odò
tí aró ń sọ di pupa lónìí, tó ń sọ di búlúù lọ́la.
Irinwó ẹ̀rọ ń ké pọ̀ níbẹ̀,
ohùn èèyàn ò lè là á já,
làwọn obìnrin bá ń fi ètè lásán sọ̀rọ̀:
wọ́n á la ẹnu gbàgà, wọ́n á gbé ojú sókè,
wọ́n á fi ìgbọ̀nwọ́ parí gbólóhùn.
Ọmọ ọdún mẹ́fà jókòó sórí ìdì òwú,
ó ń wo òfófó tí kò ní ohùn.
Bí ọ̀gá bá ń bọ̀, gbogbo ojú á tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo;
bó bá ti kẹ́yìn báyìí,
obìnrin kan á rin ìrìn rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré,
èjìká gbogbo ilé á máa gbọ̀n.
“Ibẹ̀ ni mo ti kàwé,” ló máa ń wí.
“Yunifásítì kàn fún mi ní ìwé ẹ̀rí ni.”

Fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́: ilé-iṣẹ́ kan
tó jẹ́ pé bàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan ló ń ṣe.
Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́.
Gbogbo ìlú wọ òsì sí ọ̀tún, wọ́n ń tiro lọ sí ibi iṣẹ́,
wọ́n ń tiro lọ sí ibi ìgbéyàwó.
Mínísítà wá ṣe àbẹ̀wò. Bàtà tirẹ̀ pé.
Ó wò yíká, ó gbé ẹsẹ̀ kan, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí tiro:
àlejò kì í rìn gún régé ní ìlú atiro.

Ọ̀gbẹ́ni Kordasz, tó ń yẹ fíìmù wò fún ìjọba,
rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀ nù.
Ó nu omi ojú, ó gbé awò padà,
ó ní, “Ẹ gé e.”
Ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá.
Mo gé e. Mo ká a sínú agolo jáàmù,
mo rì í sábẹ́ ọ̀dùnkún nínú àjà ilẹ̀.
Ní sinimá, ilẹ̀kùn ṣí, mínísítà wọlé,
lójijì ó ti wà lórí àga.
Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín!
Àlàfo yẹn gan-an ni wọ́n ń rín,
oníkálukú ti fi ìrìn tirẹ̀ dí i.

Ó ṣe fíìmù kan tí kò ní àwàdà, nípa ogun.
Ó burú. Mo sọ fún un.
Oṣù méje ni kò fi kí mi.

Nígbà tó yá, etí rẹ̀ kú, ọ̀tún kọ́kọ́ lọ.
Ó wá ń jókòó síwájú pátápátá ní sinimá,
á kẹ́yìn sí fíìmù, á kọjú sí èèyàn,
á máa ka èjìká wọn.

Ìjọba wó. Mo hú agolo mi.
Wọ́n lẹ ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá náà padà sí àyè rẹ̀,
wọ́n pe gbogbo wa, wọ́n fún wa ní òdòdó.
Mínísítà wọlé, ó tiro, ó tiro, ó jókòó.
Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni ń kí àgbà.
Èjìká mẹ́rìndínlógún. Èmi náà kà á.
Ludomir yíjú wá mi láàárín òkùnkùn,
ó la ẹnu gbàgà, ó gbé ojú sókè,
láìsí ohùn, bí ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ:
“Tún un gé.”

Ó di mẹ́tàdínlógún.